Oorun mi ti ń dá láàárín òru láti oṣù mẹ́rin, iṣẹ́ sì fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi

Arẹwà_Ìkòròdú:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìdájí o. Aago mẹ́ta òru ti kọjá báyìí tí mò ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí, gbogbo ilé ti sùn, èmi nìkan ni mo jókòó sí pálọ̀ bí ọdẹ. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i, mi ò mọ ẹni tí mo tún lè bi.

Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mi ò rí oorun sùn dáadáa. Kì í ṣe pé oorun kì í kùn mí o, ó ń kùn mí gan-an, tí mo bá ti jókòó sínú bọ́ọ̀sì báyìí mo ti ń tòògbé, orí mi á máa lu gíláàsì fèrèsé. Ìkòròdú là ń gbé, Marina ní Lagos Island niṣẹ́ mi wà. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo gbọ́dọ̀ dìde kí n tó lè wà lẹ́nu iṣẹ́ láago mẹ́jọ, mo máa ń wọlé padà bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá wà ní Mile 12 ó lè di mẹ́wàá. Kí n tó dáná, kí n wo iṣẹ́ àmúrelé àwọn ọmọ, kí n wẹ̀, mọ́kànlá ti lù. Mo máa ń sùn nígbà yẹn o, àárẹ̀ ló ń gbé mi lọ. Àmọ́ tó bá ti di bí aago méjì, aládùúgbò wa á pa jẹnẹrétọ̀ ẹ̀. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ariwo yẹn kì í jí mi, ìgbà tó bá dákẹ́ lojú mi máa ń là. Fáànù tiwa ò yí torí kò síná, gbogbo àdúgbò á pa lọ́lọ́, mo á máa gbọ́ ẹ̀fọn tó ń kùn lẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì. Mo á wo fóònù, 2:14. Mo á yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, mo á tún wò ó, 2:40. Mo á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò pé tí mo bá sùn nísinsìnyí mo ṣì lè rí wákàtí méjì dín díẹ̀, tó bá tún di 3:20 mo á ní ó ku wákàtí kan, àyà mi á máa já. Ìṣirò yẹn ló ń pa mí jù.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́. Ẹ̀ka ìṣirò owó ni mo wà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá a fẹ́ san ₦480,000 fún ẹnì kan tó kó ọjà wá fún wa, mo tẹ ₦4,800,000. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fi í ránṣẹ́ o. Ojú mi rí òdo yẹn, ọpọlọ mi ni kò rí i. Ọlọ́run ló ní kí ọmọ tó ń yẹ ìwé wò kíyè sí i kówó tó jáde. Ọ̀gá mi pè mí wọlé, kò pariwo, ó kàn bi mí pé ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe ọ́ nílé. Ó bá dùn mí ju kó pariwo lọ, mo lọ sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti lò níbẹ̀, èmi ni wọ́n máa ń gbé ìṣirò tó bá le fún tẹ́lẹ̀. Báyìí mo lè ka lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀mẹrin kó má wọ orí mi.

Nílé náà, mo jágbe mọ́ ọmọ mi kékeré torí ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì ibi tí ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀ wà, ọmọ náà wò mí bíi pé kò mọ̀ mí. Tí wọ́n bá kí mi láàárọ̀ pé ṣé ẹ sùn dáadáa, mo á ní a dúpẹ́, ṣùgbọ́n kíkí yẹn ń ta mí báyìí.

Màámi ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ojú lásán, kí n jẹ́ ká lọ sórí òkè. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò fún mi ní oògùn kékeré tí wọ́n fi ń wo ara yíyún, ó ní ó máa gbé mi sùn. Ó gbé mi sùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì mò ń rìn bí ẹni tó wà lábẹ́ omi, lọ́jọ́ kẹrin kò tiẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́. Kí ni kí n ṣe? Ṣé ó ti ṣe ẹnikẹ́ni nínú yín rí?

Dẹ́rẹ́bà_Ọ̀shòdì:

Àǹtí mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Omi bọ́ lójú mi níbi ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn.

Ọkọ̀ ni mò ń wà, èyí tí wọ́n ń fi fóònù pè. Lẹ́yìn tí owó epo gbéra sókè ní 2023, mo máa ń jáde láago márùn-ún ìdájí, mo máa ń wọlé ní méjìlá òru kówó tó lè pé, tí mo bá wá dùbúlẹ̀ mo ṣì máa ń rí iná ọkọ̀ níwájú mi nínú òkùnkùn yàrá, oorun ò ní wá. Lálẹ́ ọjọ́ kan mò ń bọ̀ láti Island lórí Third Mainland Bridge, ojú ọ̀nà dá, atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́ wọlé, èrò tó wà lẹ́yìn ti sùn. Mi ò mọ ìgbà tí mo sùn. Ohun tó jí mi ni gbọ̀n-gbọ̀n-gbọ̀n tí táyà ń ṣe bó ṣe ń ha ara mọ́ kọnkéré ẹ̀gbẹ́ afárá. Afárá yẹn fẹ́ẹ̀ tó kìlómítà 12, mi ò lè sọ fún yín dòní ohun tí mo rí ní apá kan nínú ẹ̀. Mo rọra wà á sọ̀kalẹ̀ sí Oworonṣòkí, mo dúró, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n lórí búrékì. Mo bẹ èrò yẹn kó wá ọkọ̀ mìíràn, mi ò gbowó lọ́wọ́ ẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa ẹ̀. Àwọn tó ṣèwádìí ti fi hàn pé téèyàn bá ti wà lójúfò fún wákàtí 17, ọwọ́ ẹ̀ àti ọpọlọ ẹ̀ á máa falẹ̀ bíi ti ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ tó ìdá 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n yẹn ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní Yúróòpù fi òfin dè fún ẹni tó ń wakọ̀. Èmi tí mi ò fẹnu kan ọtí rí! Ọmùtípara ni mo jẹ́ lórí afárá lálẹ́ yẹn.

Torí náà ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín ni pé tẹ́ ẹ bá ń wakọ̀, ẹ má wà á lọ síbi iṣẹ́ lákòókò yìí rárá. Bọ́ọ̀sì yẹn ni kẹ́ ẹ máa wọ̀. Èmi ti pinnu pé aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo máa wọlé, owó dín kù lóòótọ́, ìyàwó mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mò ń sùn.

Nọ́ọ̀sì_Yábàá:

Arẹwà, ẹ kú ìfaradà. Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ òru ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe, torí náà ọ̀rọ̀ oorun yìí mo mọ̀ ọ́n nínú ìwé, mo sì mọ̀ ọ́n lára. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó lè gùn.

Àkọ́kọ́, ohun tó ń ṣe yín ní orúkọ. Tí èèyàn ò bá rí oorun sùn dáadáa ní òru mẹ́ta ó kéré tán lọ́sẹ̀, tó sì ti tó oṣù mẹ́ta, tó ń ba ojúmọ́ ẹ̀ jẹ́, àwọn dókítà máa ń kà á sí àìsàn gidi tó yẹ kí wọ́n tọ́jú. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe pé ẹ ò nígbàgbọ́. Ohun tó sì ṣe iṣẹ́ yín kì í ṣe àìbìkítà, ọpọlọ tí kò sinmi kì í lè di nǹkan mú, òdo kan nínú iye owó gan-an ni irú nǹkan tó máa ń yọ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì, ohun tí mo rí ni pé olè méjì ló ń jí oorun yín, ẹ sì ń lé ẹyọ kan ṣoṣo. Mọ́kànlá alẹ́ sí mẹ́rin ààbọ̀, wákàtí márùn-ún ààbọ̀ péré nìyẹn, kódà kẹ́ ẹ sùn bí òkúta. Àgbàlagbà nílò wákàtí méje ó kéré tán. Ọ̀nà Ìkòròdú àti iṣẹ́ ilé ti kọ́kọ́ jí wákàtí kan ààbọ̀ kí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tó dákẹ́ rárá. Ẹ jókòó pẹ̀lú bàbá àwọn ọmọ, ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ni kó dáná, kó má jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa dé ní mẹ́wàá tẹ́ ẹ tún máa ro ẹ̀bà.

Olè kejì ni jíjí òru. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí. Fóòmù tẹ́ ẹ ń dùbúlẹ̀ lé yẹn ti di ojú ìjà. Láti oṣù mẹ́rin, bó bá ti di aago méjì, orí ẹ̀ lẹ ti ń bá ara yín jà, tẹ́ ẹ ń ṣírò, tí àyà yín ń já, ara ti wá kọ́ ọ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń dààmú. Oorun ò sì dà bí iṣẹ́ téèyàn ń fi agbára ṣe, béèyàn bá ṣe ń lé e ló ń sá. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá jí, tó jọ pé ó ti tó bí ogún ìṣẹ́jú (ẹ má wo aago o, ẹ kàn fojú bù ú), ẹ dìde kúrò níbẹ̀. Ẹ lọ sí pálọ̀, kí iná má mọ́lẹ̀ jù, ẹ ṣe nǹkan tí kò dùn tí kò sì korò, ẹ ká aṣọ, ẹ ka ìwé àdúrà jẹ́jẹ́. Ẹ má gbé fóònù bẹ́ ẹ ṣe gbé e lóru òní yìí, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ń sọ fún ọpọlọ pé ilẹ̀ ti ń mọ́. Ìgbà tí oorun bá kùn yín gan-an kẹ́ ẹ tó padà. Tí kò bá tún wá, ẹ tún dìde. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ á le, mi ò ní tàn yín. Fóònù yẹn, yàrá kejì ni kó máa sùn, ẹ ra aago àlàmù kékeré kan, kẹ́ ẹ kọ ojú ẹ̀ sí ògiri.

Ẹ máa dìde ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, àní lọ́jọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè, ẹ fi ìyàtọ̀ ẹ̀ mọ sí bíi wákàtí kan. Kọfí náà ńkọ́? Ẹ ò dárúkọ ẹ̀ ṣùgbọ́n mo mọ àwọn ará ọ́fíìsì. Lẹ́yìn bíi wákàtí márùn-ún, ìdajì ohun tó wà nínú ẹ̀ tó ń lé oorun ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀, torí náà ife tẹ́ ẹ mu ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà tẹ́ ẹ délé. Nǹkan kan náà ló wà nínú obì. Kó má kọjá ọ̀sán.

Ọ̀nà tí mo ń sọ yìí lódindi, CBT-I ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ìtọ́jú àìsùn tí wọ́n ti ń tún ìṣe àti ìrònú èèyàn nípa oorun ṣe, láìlo oògùn. Ní 2016 ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà kan, American College of Physicians, ní òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ lò fún àgbàlagbà tí àìsùn ti mọ́ lára, kí wọ́n tó ronú kan oògùn. Apá kan wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ti máa ń ní kéèyàn dín àkókò tó fi ń dùbúlẹ̀ kù. Ẹ̀yin ò gbọ́dọ̀ dá ìyẹn ṣe, kò sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ dín níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa dẹ́rẹ́bà náà, ẹ má dán an wò láìjẹ́ pé ẹ rí dókítà, torí ó máa ń jẹ́ kí èèyàn tòògbé sí i ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ lọ rí dókítà o, ní jẹ́nẹ́rà ọsibítù tó súnmọ́ yín. Kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n wo àwọn oògùn tẹ́ ẹ ń lò, kí wọ́n bi yín bóyá ọkàn yín ti ń rẹ̀wẹ̀sì. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ lọ sí Yábàá, ọsibítù àrùn ọpọlọ tiwa níbẹ̀, ẹ má sá. Mo mọ ohun táwọn èèyàn ń rò tí wọ́n bá ti gbọ́ Yábàá, ó máa ń bí mi nínú, torí àwọn tó jókòó sí àga wa láàárọ̀, olùkọ́ ni, oníṣòwò ni, ìyá ọlọ́mọ ni, oorun làwọn míì bá wá.

Tàfà_Sùúrùlérè:

Gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì sọ ni mo fọwọ́ sí. Èmi fẹ́ sọ ti oògùn torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe ohun tí mo ṣe.

Ìgbà tí mo ń kọ́lé tí owó sì há sọ́wọ́ àwọn èèyàn, oorun dá lójú mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra diazepam, oògùn tó ń mú ọkàn balẹ̀ tó sì ń gbé èèyàn sùn, mo rà á láìsí ìwé dókítà, ẹni tó tà á fún mi ò bi mí ní ìbéèrè kan. Alẹ́ àkọ́kọ́, áà, mo sùn bí ọmọ tuntun. Oṣù kan lẹ́yìn ẹ̀ ẹyọ kan ò tó mọ́, mo lo méjì. Oṣù kẹta mo ní mo fẹ́ dáwọ́ dúró, mo da ìyókù sínú ṣaláńgá. Òru yẹn àti òru tó tẹ̀ lé e, ẹ̀yin èèyàn mi, òógùn bò mí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ọkàn mi ń lù kìkì bíi pé ẹnì kan ń lé mi, àìsùn tó padà wá burú ju èyí tó jẹ́ kí n lọ ra oògùn náà lọ. Ìyàwó mi ló gbé mi lọ sọ́sibítù. Dókítà ní mo ṣe é bí ẹní bẹ́ láti orí àjà, pé irú oògùn yẹn èèyàn kì í já a sílẹ̀ lójijì tó bá ti pẹ́ lára, ó lè fa gìrì. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n bá mi dín in, ó gbà tó oṣù méjì.

Ti oògùn ara yíyún tẹ́ ẹ sọ yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ jọ̀ọ́. Kò sí oorun gidi níbẹ̀.

Màmá_Olóyè_Ẹ̀bútéẹ̀rọ́:

Ọmọ mi, mo kí ọ. Ẹ̀bútéẹ̀rọ́ ni mò ń gbé, mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Nígbà tí nǹkan oṣù mi ń dáwọ́ dúró, ooru á ṣàdédé bò mí lóru, aṣọ mi á tutù jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, mo rò pé ayé ló ń ṣe mí, mo ti gbààwẹ̀ gbààwẹ̀ kí dókítà obìnrin kan tó ṣàlàyé fún mi. O ò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n àwọn míì ń kà á, kí wọ́n mọ̀.

Ní ti ìyá rẹ, má bá a jà. Gbàdúrà, èmi náà ń gbàdúrà. Àmọ́ àdúrà ìjà tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ láago méjì òru, ó ń ta ara jí ni, ìwọ tóo tún máa wọ bọ́ọ̀sì ní mẹ́rin ààbọ̀. Ṣe tìẹ ní ìrọ̀lẹ́ kóo sì lọ sùn, Ọlọ́run kì í tòògbé.

Ọ̀gá_Ìkẹjà:

Mo ní ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kékeré kan, a ò ju mẹ́rìnlá lọ, torí náà ojú ọ̀gá ni màá fi dá sí i.

Mo ní ọmọkùnrin kan tó ń gé pépà lórí ẹ̀rọ, kò pa iṣẹ́ jẹ rí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e lódì, mo ń bínú, mo ń yọ owó lára owó oṣù ẹ̀, mo rò pé ó ti ń tẹ fóònù lẹ́nu iṣẹ́. Àṣé ìyàwó ẹ̀ bí ìbejì, yàrá kan ni wọ́n ń gbé, kò tíì sùn ju wákàtí mẹ́ta lọ lóru kan láti oṣù méjì. Kò sọ fún mi torí ó rò pé mo máa lé e. Ẹni tó bá ti mọ bí ọ̀bẹ ẹ̀rọ yẹn ṣe ń sọ̀kalẹ̀ á mọ̀ pé pépà kọ́ ni ì bá gé lọ́jọ́ kan. Mo dá owó ẹ̀ padà, mo gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ká ìwé. Ó ṣì ń dùn mí pé mi ò béèrè.

Ọ̀gá yín ti béèrè. Ẹ padà lọ bá a, ẹ sọ fún un pé àìsàn ni, ẹ sì ti ń gba ìtọ́jú. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ní pàtó: pé kí ẹlòmíì máa bá yín ka iye owó kó tó lọ, pé àárọ̀ nígbà tí ojú yín ṣì dá lẹ máa ṣe iṣẹ́ owó, kó tó di ọ̀sán tí orí bá ń wúwo, àti bóyá ẹ lè máa wọlé ní mẹ́wàá kẹ́ ẹ jáde ní mẹ́fà. Ó lè kọ̀ ti ìkẹyìn yẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó ń pàdánù òṣìṣẹ́ ọdún mẹ́sàn-án máa ná owó ju ìyẹn lọ láti kọ́ ẹlòmíì.

Ọmọ_Ìpakodò:

Àǹtí, ṣé ẹ ti gbìyànjú ọkọ̀ ojú omi rí? Láti èbúté Ìpakodò lọ sí Island, kò sí Mile 12 lórí omi. Owó ẹ̀ wọ́n ju ti bọ́ọ̀sì lọ o, ẹ sì gbọ́dọ̀ wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, ṣùgbọ́n kódà kó jẹ́ ìrọ̀lẹ́ nìkan lẹ ó máa wọ̀ ọ́.

Arẹwà_Ìkòròdú:

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀sẹ̀ márùn-ún rèé. Mo ní kí n padà wá sọ bó ṣe ń lọ, torí ẹ ò mọ̀ mí rí, ẹ jókòó tẹ ọ̀rọ̀ fún mi báyìí.

Mo lọ sí ọsibítù. Ẹ̀jẹ̀ mi ti ń ga díẹ̀, wọ́n ní kí n máa padà wá kí wọ́n lè máa ṣọ́ ọ. Dókítà náà ní kí n tẹ̀ lé ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, ó fẹ́ẹ̀ lo ọ̀rọ̀ kan náà. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nọ́ọ̀sì, ẹ ò tàn mí lóòótọ́. Ọjọ́ kan wà tí mo dìde lẹ́ẹ̀mẹta, mo ká aṣọ gbogbo ilé tán, mo tún tú u ká. Ọjọ́ kẹta mo fẹ́ padà síbi oògùn, ọ̀rọ̀ Tàfà ló dá mi dúró.

Ọkọ mi ló ń dáná láàárín ọ̀sẹ̀ báyìí. Ọbẹ̀ ẹ̀ ní iyọ̀ jù, àwọn ọmọ ń jẹ ẹ́, èmi náà ń jẹ ẹ́, mo sì ti ń wọ yàrá ní mẹ́wàá kọjá díẹ̀. Irọ̀lẹ́ méjì lọ́sẹ̀ ni mo ń wọ ọkọ̀ ojú omi, owó ò jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gá mi ò gbà pé kí n wọlé ní mẹ́wàá, ó ní mẹ́sàn-án, mo gbà á bẹ́ẹ̀, mo ti ń dìde ní márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ó ní kí ọmọ yẹn máa bá mi ka gbogbo iye tó bá ti ju ₦200,000 lọ. Ó kọ́kọ́ tì mí lójú.

Kò tíì tán o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ṣì jí ní òru méjì, mo lọ jókòó sí pálọ̀. Ṣùgbọ́n lánàá mo gbọ́ ìgbà tí aládùúgbò wa pa jẹnẹrétọ̀ ẹ̀, mo mọ̀ pé mo gbọ́ ọ, mo yíjú sí ògiri. Ohun tí mo tún gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn ni àlàmù.